Ẹnì Karùn-ún ní Pápá Ajara

“Ọkọ̀ òfúrufú náà dà?”

Bàbá Dosu ló béèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbé àga fún un láàárín pápá, wọ́n sì ti ṣí míníra tútù fún un, bí wọ́n ṣe máa ń gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ní Ajara. Nínú oòrùn tó lè din ẹja lórí iyanrìn, súwẹ́tà ni bàbá wọ̀, ó sì fi fìlà onírun bo etí. Wọ́n ti sọ fún un pé òtútù ojú ọ̀run kì í ṣe kékeré.

Sirajudeen, akọ̀wé ẹgbẹ́, tí ẹnu rẹ̀ lè ta òkun fún ẹja, ń yọ́jú wo tábìlì. Orí tábìlì ni ọkọ̀ náà wà: pákó fúyẹ́fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì tí kò ju ẹyin awó lọ, àti wáyà gígùn méjì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀. Kò gùn ju apá èèyàn lọ.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya bí òjò, àwọn tó ń wá fi irú ọkọ̀ ìṣeré yìí dárayá níbí pọ̀ bí eéṣú. Ní ọdún 1985 yìí, mẹ́rin ló kù. Àwọn onílẹ̀ sì ti sọ ọ́ láì fi epo bọ iyọ̀: bí wọn ò bá pé márùn-ún ní Sátidé yìí, ilẹ̀ di ti àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù.

Ohun tó gbé Sirajudeen dé Aradagun nìyẹn. Ó bá Bàbá Dosu lójúde ṣọ́ọ̀ṣì, tí bàbá ń sọ̀rọ̀ Agatha ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n sin sí abúlé wọn kí òkun tó gbé abúlé náà mì. Ni Sirajudeen bá ní òun ti fò kọjá níbẹ̀! Òun rí sàréè náà nísàlẹ̀ omi, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ń dán bí eyín ọmọge. Kí bàbá ṣáà forúkọ sílẹ̀, á fojú ara rẹ̀ rí i.

Tíṣà Oyèbọ̀dé, alága wọn, fa Sirajudeen sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Sira, irú irọ́ wo lo tún pa yìí?”

“Tíṣà, ẹ ní kí n mú èèyàn wá. Mo mú èèyàn wá.”

“Ó dáa. Jẹ́ kí Zinsu kà wá tán ná, lẹ́yìn náà ká wá bẹ bàbá. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń roko pápá yìí.”

Zinsu, ọmọ onílẹ̀, ti dé, ó kó èèkàn tí wọ́n fi ń pín ilẹ̀ sábẹ́ apá. Ó ka mẹ́rin, ó wo súwẹ́tà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ṣé ibà ló ń ṣe yín ni, àbí ẹgbẹ́ lẹ wá ṣe?”

“Ẹgbẹ́ ni. Wọ́n fẹ́ gbé mi lọ kí Agatha.”

Zinsu yíjú sí Sirajudeen. “Akọ̀wé, ṣé ọmọ ẹgbẹ́ yín ni wọ́n?”

“Bẹ́ẹ̀ ni” kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n pé márùn-ún. Sirajudeen wo bàbá. Ojú ọ̀run ni bàbá ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wá ohun tó máa balẹ̀.

“Rárá,” ni Sirajudeen wí. “Mo tan wọ́n wá ni. Bàbá, èyí tó wà lórí tábìlì yìí lọkọ̀ wa. Ẹyẹlé gan-an ò lè jókòó sínú rẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Zinsu lọ sí igun pápá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan èèkàn. Tíṣà kẹ̀yìn sí wọn, ó ń ká wáyà.

“Sàréè ńkọ́, vi ṣie, ọmọ mi?” ni bàbá béèrè. “Èyí tó ń dán?”

“Mi ò fò rí, bàbá. Mi ò rí nǹkan kan.”

Bàbá mi orí díẹ̀. “Láti ọjọ́ tí o ti sọ ọ́ fún mi ni mo ti ń sùn dáadáa.”

Irọ́ tuntun mẹ́wàá ló sáré wá sẹ́nu Sirajudeen, èyí tó dùn jù ló ṣíwájú. Ó gbé gbogbo wọn mì. Ó na ọwọ́ sí bàbá.

“Ẹ jẹ́ ká lọ sétí òkun. Ẹ fi ibi tí abúlé yín wà tẹ́lẹ̀ hàn mí. Ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀.”