Onígbàjámọ̀ Àárín Odò

Àga onígbàjámọ̀ ni Àyọ̀ká kọ́kọ́ rí. Àárín odò ló dúró sí, omi náà ò sì kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí èyí tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Dígí so rọ̀ lófuurufú, kò sí ìṣó, kò sí okùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ni ògiri ilé ìdáná rẹ̀ wà, ògiri alámọ̀ tó ti sán, òun nìkan ṣoṣo, láìsí ilé.

"Ta ló gbé ògiri mi wá sínú odò?"

"Èmi ni, Mọ́ọ̀mi. Ẹ má bínú, n ó dá a padà."

Oyèlákin ọmọ rẹ̀ ni, abẹ lọ́wọ́, aṣọ funfun léjìká. Oyèlákin yìí náà làwọn ọlọ́pàá kó pẹ̀lú gbogbo ẹni tó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lójà. Wọ́n tì í mọ́lé títí, adájọ́ ò fojú kàn án, ibẹ̀ ló kú sí. Àwọn ará ọgbà ẹ̀wọ̀n ní àìsàn ni, wọ́n sì ti sin ín kí ará ilé tó gbọ́. Àyọ̀ká lọ dé ẹnu géètì wọn, ó ní bí wọn ò bá lè gbé òkú fún òun, kí wọ́n sáà fún òun ní irun rẹ̀ tàbí èékánná, káwọn lè rí nǹkan sin sílé baba rẹ̀. Wọ́n lé e dànù bí adìyẹ tó yà sórí àgbàdo tí wọ́n sá. Látìgbà náà, ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí òun má kú kí ọmọ òun tó ní sàárè nílé.

Àwọn ọkùnrin kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú omi, orí wọn ń dán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Àwọn wo nìyí?"

"Àwọn tá a jọ kú sẹ́wọ̀n ni. Ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí ni gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè wọn. Wọ́n fẹ́ máa lọ sílé, mo ní irun játijàti yẹn kọ́ ni wọn ó gbé wọlé baba wọn."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá wa, ẹ sọ fún un kó rọra o. Ó ti gé mi létí lẹ́ẹ̀kan."

"Etí rẹ ló tóbi jù," ni Oyèlákin wí.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àyọ̀ká náà rẹ́rìn-ín títí ìró fi fẹ́ tú nídìí rẹ̀.

"Orí tìrẹ wá ńkọ́? Ó rí bí ìtẹ́ ẹyẹ."

"Tèmi ló ń gbẹ̀yìn. Àbí ẹ ti gbàgbé mi ni?"

Ó kọjú sí dígí, ó ń fá orí ara rẹ̀, ó ń súfèé bó ti máa ń súfèé láràárọ̀ Sátidé. Nígbà tó ṣe tán, ó ṣa irun náà jọ, ó ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka tì í wọnú ibi tí ògiri ti sán, kí ọ̀tá má baà rí i lò.

"O ò tíì fi ìwà yẹn sílẹ̀?"

"Ta ló kọ́ mi?" Ó nu abẹ. "Mọ́ọ̀mi, ìpàkọ́ yín náà ń fẹ́ fífá o."

"Lọ jàre."

Mojí, ìyàwó Oyèlákin, ló jí i lórí ẹní lábẹ́ igi ọsàn. Oòrùn ti yí dé ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lójú oorun."

Àyọ̀ká ṣì ń gbọ́ omi.

"Ìyàwó mi, níbo lọkọ rẹ máa ń kó irun rẹ̀ sí tó bá fá a tán?"

"Ara ògiri ilé ìdáná ni. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kó..." Mojí yíjú sí ilé ìdáná. Ojoojúmọ́ làwọn méjèèjì ń dáná nídìí ògiri yẹn.

Ọ̀bẹ ni wọ́n fi rọra yọ irun náà lára ògiri. Èéfín ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, ṣùgbọ́n ó ṣì ká kókó bó ṣe máa ń ká lórí Oyèlákin. Ó kún ọwọ́ Àyọ̀ká.

"Ọmọ yìí nírun," ló wí, ẹ̀rín àti omijé jọ bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ gèlè rẹ̀ wé e. "Lọ sọ fáwọn bàbá lágbo ilé kí wọ́n wá gbẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ ti dé."