Òkè Tó Wà Lẹ́yìn Igi

Ní ọdún 1989, nígbà tí àwọn ìyá ń fi ṣíbí wọn gààrí fún ọmọ bí oògùn, Adéjọkẹ́ ṣì ń fẹsẹ̀ rìn kiri inú igbó nítorí àwòrán. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Ìsìkàn, nílùú Àkúrẹ́, ní ọ̀fọ̀ ọkọ ló dà á lórí rú. Wọn ò kúkú jìnnà sí òótọ́. Ọládiípọ̀ ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún méjì ṣáájú, ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà sì ti pa ẹ̀kọ́ náà tì, torí kò sí bébà, kò sí ọ̀dà. Wọ́n ní kó máa kọ́ wọn ní ìmọ̀ Bíbélì. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló kù tó jẹ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, á wọ mọ́tò dé Ìta-Ògbólú, á sọ̀ kalẹ̀, á sì máa rìn. Èédú inú ààrò ló fi ń yàwòrán sára páálí, erùpẹ̀ pupa tó bá bù lẹ́bàá ọ̀nà ló fi ń kùn ún, omi odò ló fi ń pò ó. Bó bá ti jókòó sórí gbòǹgbò igi, tó tẹjú mọ́ ewé kan títí tó fi mọ ibi tí gbogbo iṣan rẹ̀ gbà, àyà rẹ̀ á rọ̀. Á wá lè mí. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, èémí náà kì í délẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti pàdé Bàbá Ògúnníyì, àgbẹ̀ kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bàbá kọ́kọ́ rò pé ó wá jí iṣu ni. Nígbà tó rí i pé igi ìyeyè lásán ló ń yà, ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì í. Wọ́n jọ rìn fún odindi ọdún kan kí bàbá tó mú un lọ sí àfonífojì kan lẹ́yìn oko rẹ̀, níbi tí ọ̀nà ò dé. Igi ọ̀gànwó kan wà níbẹ̀ tí ọkùnrin mẹ́fà ò lè so ọwọ́ pọ̀ yí ká.

"Bàbá mi ló fi hàn mí," ni bàbá wí. "Èèpo rẹ̀ ni mo fi ń wo ibà fún gbogbo abúlé, látìgbà tí oògùn ti tán ní ọsibítù. Àwọn ọmọ ulé mi gan-an ò mọbẹ̀. Má sọ fún ẹnì kankan o, ọmọ mi."

"Mi ò ní sọ, bàbá."

Kò sì sọ. Ẹ jẹ́ kí n gbè é lẹ́yìn níbi tí mo bá a dé yìí, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń múra láti bú u. Kò sọ fún ọ̀rẹ́, kò sọ fún pásítọ̀. Ó kàn yà á ni. Sátidé mẹ́rin gbáko ló fi yà á: gbòǹgbò rẹ̀, ibi tí bàbá ti rọra bó o léèpo, àti òkè olókùúta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí orí rẹ̀ là sí méjì. Kò kọ orúkọ ìlú kankan síbẹ̀. Iṣẹ́ tó dára jù lọ tó tíì ṣe láyé rẹ̀ ni, òun náà sì mọ̀.

Bísọ́dún, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nílùú Oǹdó, ló ní kó kó àwọn àwòrán rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, káwọn èèyàn lè rí nǹkan tó dára fojú wò nínú ayé tó le yìí. Ará Oǹdó ò kúkú tú jáde. Àwọn díẹ̀ tó wá wo ògiri fìrí, wọ́n wá ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá ìrẹsì ń bọ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló dúró. Jethro lorúkọ rẹ̀, ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀, ó sì pẹ́ níwájú ọ̀gànwó náà.

"Ẹ mọ̀ ọ́n yà o, mà," ló wí. "Ṣé ẹ rí òkè yìí lójú ni, àbí ẹ kàn rò ó?"

Ká ní ó bèèrè ibi tí igi wà ni, Adéjọkẹ́ ì bá panu mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló bèèrè. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè nǹkan tó mọ̀. Orí rẹ̀ wú.

"Mi ò rò ó o. Ohun tí mo bá rí ni mo ń yà. Ṣé ẹ rí ibi tí orí òkè ti là? Níbi tí mo jókòó sí, àárín ibẹ̀ gan-an lorí igi bọ́ sí. Bí mo bá sún sọ́tùn-ún díẹ̀, ó ti yẹ̀ nìyẹn. Odò wà lọ́wọ́ òsì mi, oòrùn òwúrọ̀ sì wà lẹ́yìn mi."

"Mo rí i, mà," ni Jethro wí. "Mo rí i dáadáa."

Ó tẹríba, ó lọ. Adéjọkẹ́ wọ mọ́tò padà sí Àkúrẹ́, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, ohun tí kò ṣe látìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ wo ni ọkùnrin náà ń ṣe. Oníṣòwò gẹdú ni, kò sì sí òkè tí kò mọ̀ lágbègbè náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló tó tún ráyè dé Ìta-Ògbólú. Ipa táyà ọkọ̀ akẹ́rù la àárín àgbàdo bàbá kọjá, ó tẹ̀ lé e. Kùkùté ló bá ní àfonífojì, ó pupa bí ẹran tútù. Bàbá Ògúnníyì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa èèpo sínú apẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n mú ìwé àṣẹ gígé igi wá láti ọ́fíìsì ìjọba," ni bàbá wí. "Gbémiga ọmọ àbúrò mi ló tẹ̀ka sí i lórúkọ ẹbí. Kí ni mo fẹ́ bá a wí? Ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin tó kó wọn wá ní inú àwòrán lòun ti rí i, pé ìyá kan ló ṣàlàyé fún òun."

Adéjọkẹ́ kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun igi. "Èmi ni, bàbá. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo rò pé ó ń bi mí."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Bàbá ò gbóhùn sókè, ìyẹn gan-an ló dun obìnrin náà jù. Ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá gbé apẹ̀rẹ̀ lé orí.

"Òmíràn ṣì wà," ló wí. "Ó jù ú lọ díẹ̀. Mo ti ní bí ọyẹ́ bá dé, màá mú ọ débẹ̀."

"Mi ò ní yà á, bàbá. Mi ò ní mú èédú dání."

Bàbá wò ó pẹ́, ó sì wò ó tàánútàánú. Lẹ́yìn náà ló ṣáájú. Kò gba ọ̀nà igbó tí wọ́n máa ń gbà. Ipa ọkọ̀ akẹ́rù ló tọ̀ jáde sí ọ̀nà ọ̀dà, ó sì dúró tì í níbẹ̀ títí mọ́tò fi dé. Látọjọ́ náà, bí Adéjọkẹ́ bá wá, bàbá á kí i dáadáa, á fún un lágbàdo, á sì bá a rìn lọ, rìn bọ̀, lórí ọ̀nà ọ̀dà nìkan.

Bàbá kú lọ́dún 1991. Kó tó kú, ó sọ fún àwọn ẹbí pé ọ̀gànwó kan ṣì kù, kò sọ ibi tó wà. Lọ́dún náà, ibà wọ abúlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Gbémiga fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé Adéjọkẹ́ ní Ìsìkàn, ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná fún ọjọ́ karùn-ún.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń bá bàbá rìn, mà," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi débẹ̀."

"Mi ò mọbẹ̀," ni Adéjọkẹ́ dáhùn. "Kò fi hàn mí."

Gbémiga rò pé ṣe ló ń fi í pamọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì ilé rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, kò sì gbà láti dìde.