Ta Ló Mọ Ọmọ Ẹ̀fúùfù Ṣe Jù?

Ogún ọdún ni télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ fi jiyàn lórí Ọmọ Ẹ̀fúùfù, akọni inú ìwé àwòrán tí àwọn méjèèjì ti ń kà láti kékeré. Òṣèré mẹ́ta ló ti ṣe é nínú fíìmù. Télọ̀ ní ẹni àkọ́kọ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ìyàwó ní irọ́ ńlá, ẹni kẹta ni, torí òṣèré yẹn nìkan lẹ̀rù máa ń bà kó tó fò.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyàwó, ọmọ wọn obìnrin wá bá bàbá rẹ̀ wo fíìmù àkọ́kọ́. Àánú bàbá ṣe é.

"Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ jàre. Ti èyí ló dáa jù."

Télọ̀ yíjú sí i. Bí ọmọ bá gbà fún un, ta ló kù tí yóò máa bá a jiyàn?

"Èwo ló dáa? Èyí tó ń fò bí ṣòkòtò tí wọ́n sá sórí okùn? Ìyá rẹ ló jàre!"

Ẹnu ya ọmọ. Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Irọ́ ni, Bàbá. Ẹni kẹta tí itan rẹ̀ rí bí ìgbálẹ̀?"

"Ìgbálẹ̀ kẹ̀! Ìwọ ọmọ yìí, o ò lójú!" Télọ̀ fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.