Wò Mí Lójú Kí O Sọ Ọ́

Nígbà náà, Mùkáílà ọkọ mi ṣì wà láyé. Wúràọlá orogún mi náà wà, ẹnu rẹ̀ ò sì sinmi lórí Qàwíyyàt, ọmọ ọmọ mi.

Àbíjàn ni wọ́n bí Qàwíyyàt sí. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí wọ́n tó mú un wálé sí Ẹ̀jìgbò. Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti fi Gẹ̀ẹ́sì bi í ní nǹkan, ohùn rẹ̀ á wọlé lọ bí ìgbín tí a fọwọ́ kàn.

Wúràọlá á ní, "Madamú Àbíjàn, Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe egungun ẹja o, kò ní há ẹ lọ́fun!"

Ọmọ náà wá bẹ̀ mí pé kí n jókòó, kí òun máa sọ ọ́ sí mi.

Mo ní, "Èmi tí mi ò gbọ́ ju 'kọ́ọ̀mù' àti 'gó' lọ?"

"Ìyẹn gan-an ló dáa, Mọ́mọ̀ àgbà. Ẹ ò ní lè fi mí rẹ́rìn-ín."

Láràárọ̀, bí a bá ti ń bó pákí, á máa sọ ọ́. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ilẹ̀ ló ń wò. Èmi ni mo sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í wo àgbà lójú. Bí ojú rẹ̀ bá sì ti wolẹ̀, ohùn á tẹ̀ lé e. Ó nira fún mi, àmọ́ mo ní, "Wò mí lójú kí o sọ ọ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà. Ṣáà wò mí."

Oṣù méjì la fi ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, àdá ṣá ọkọ mi lẹ́sẹ̀ lóko Masifa. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ wú, ara wọn gbóná bí iná. A gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ọ̀dọ́ kan la bá níbẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ó ti ń fa abẹ́rẹ́ nígbà tí Qàwíyyàt ka orúkọ tó wà lára ìgò oògùn, tó sì di mí lápá mú.

"Mọ́mọ̀ àgbà! Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá l'Ábíjàn nìyí!"

Mo rántí ìgbà tí a lọ kí àwọn òbí rẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n gún ọkọ mi ní irú abẹ́rẹ́ yìí. Ọ̀fun wọn dí lọ́jọ́ náà, ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn. Mo kígbe, "Ẹ dúró o!" Dókítà rò pé abẹ́rẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń bọ̀.

Mo wo ọmọ náà. Ilẹ̀ ló tún ń wò! Ohùn rẹ̀ ti wọlé lọ. A ò fi ọ̀rọ̀ yìí dánra wò rí.

"Qàwíyyàt, wo dókítà lójú!"

Ó gbójú sókè. Gẹ̀ẹ́sì náà ń já bọ́ ní wẹ́wẹ́, ó sọ "nó" tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Mi ò mọ ìyókù, ṣùgbọ́n mo rí i tí ọwọ́ dókítà dúró. Ó bi í ní ìbéèrè, ọmọ náà dáhùn. Ó tún bi í. Ojú rẹ̀ ò kúrò lójú dókítà títí tí ọkùnrin náà fi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, tó lọ mú òmíràn wá.

Lójú ọ̀nà ilé, Qàwíyyàt ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mo wo àgbà lójú."

Ọkọ mi ní, "Máa wò wọ́n lọ."

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni ọkọ mi tún lò láyé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n lọ, lẹ́yìn ìrun àṣùbáà, lórí ẹní wọn, wọ́ọ́rọ́wọ́.