Ta Ló Ni Ewì Jàmíù?

Fàúsátù ń yan ẹja ní Ajah nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò sọ pé inú ọkọ̀ apẹja ni Jàmíù, gbajúgbajà akéwì, ti kọ ewì rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó pe rédíò lójú ẹsẹ̀.

"Irọ́ ni! Àbúrò mi ni Jàmíù, ẹ̀rù omi ń bà á. Èmi ni mo máa ń fi ewì yẹn rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà ní kékeré."

"Màmá, kí ni ẹ̀rí yín?"

Fàúsátù ké ewì náà délẹ̀, tòun ti ẹsẹ kan tí kò sí nínú ìwé ewì Jàmíù. Kò pẹ́, Jàmíù fúnra rẹ̀ pè.

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti gbàgbé ẹsẹ yẹn. Ẹ tún un ké, kí n kọ ọ́."

"Orúkọ mi ni kóo kọ́kọ́ kọ!"