Níbo Ni Igi Rẹ̀ Wà?

Verdell Pettiford parọ́ fún ọmọ tó ń tajà ní ilé ohun èlò orin. Ó ní ọmọ àbúrò òun ni òun ń ra báàsì oníná náà fún. Verdell kò ní àbúrò. Ozella tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, Ozella kò sì bímọ. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Láti ìgbà èwe ló ti ń ta okùn báàsì ńlá onígi, èyí tó ga ju èèyàn lọ tó sì yọkùn bí aláboyún, bó bá sì rí ẹni tó dúró ti irú oníná yìí, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò nikùn tí kò nídìí, yóò ní, "Ẹ wo ẹni tó ń bá igi ìnulẹ̀ jó."

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Dókítà ti la èjìká Verdell, ó ní bó bá tún gbé báàsì ńlá yẹn gun àtẹ̀gùn, kó má tọ òun wá mọ́. Orí òkè téńté sì ni kíláàbù tí òun àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ti ń ṣeré lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú wà, ní ìlú Pittsburgh. Àtẹ̀gùn nìkan ló débẹ̀, mọ́tò ò débẹ̀. Ló bá ra ọ̀pá, èyí tó pọ́ọ́kú jù nínú ṣọ́ọ̀bù.

Lucius Gaddy ló ni ẹgbẹ́ olórin náà. Fèrè sasofóònù ló ń fọn, ṣùgbọ́n fìlà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní fìlà tó ń dé wọlé, ó ní èyí tó fi ń fọn fèrè, ó sì ní èyí tó máa ń ṣí fún àtẹ́wọ́, yálà àtẹ́wọ́ dún tàbí kò dún. Lọ́jọ́ Ẹtì, níbi ẹja díndín tí ìjọ ń tà, ó dúró ti tábìlì Verdell.

"Mo gbọ́ pé o ra ọ̀pá ìpẹja."

"Báàsì ni, Lucius."

"Báàsì? Níbo ni igi rẹ̀ wà? Ẹgbẹ́ mi kì í lo ike o. Ọkùnrin kan wà lódìkejì odò tó ní báàsì onígi, ogún ìdílé wọn ni."

"Ọkùnrin yẹn! Kò mọ orin dé ìdajì."

"Ó mọ àtẹ̀gùn gùn."

Àwọn tó ń jẹ ẹja rẹ́rìn-ín. Ẹja ẹnu Verdell di páálí. Bí àyè yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Kó máa jókòó sójú fèrèsé, kó máa ka bọ́ọ̀sì.

Ó ní, "Jẹ́ kí Màmá Bracy dá ẹjọ́ náà."

Gbogbo tábìlì yíjú sí Lucius. Màmá Bracy ni àgbà oníjó kíláàbù náà. Etí rẹ̀ ti di, kò gbọ́ fèrè Lucius mọ́, oore tí Ọlọ́run kò ṣe fún gbogbo èèyàn. Ẹsẹ̀ ló fi ń gbọ́ orin. Bí báàsì bá dùn, yóò bọ́ bàtà, yóò jó. Bí kò bá dùn, yóò jókòó ti òun ti bàtà rẹ̀, yóò máa jẹ ẹ̀pà. Kò sẹ́ni tó ń bá bàtà yẹn jiyàn.

Lucius fọwọ́ tún fìlà ṣe. "Bó bá bọ́ bàtà, àyè rẹ ni. Bí kò bá bọ́ ọ, mo ránṣẹ́ sódìkejì odò."

Láàárọ̀ Sátidé, Verdell dán ọ̀pá náà wò nílé ìdáná. Ó gbé sípíkà tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde sórí àga, bí òfin Lucius ṣe wí: sípíkà kì í jókòó nílẹ̀, kó má baà da ohùn fèrè rú. Ó fa okùn. Ohùn tọ̀nà, ìka kò ṣìnà, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó wọ ara. Báàsì ńlá máa ń kùn mọ́ ọn láyà bí ológbò. Èyí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lórí fóònù.

Ozella pariwo láti ìsàlẹ̀. "Verdell! Mò ń lọ sọ́jà. Ju àga kan sílẹ̀ kí n fi di àyè mọ́tò mi mú, kí ẹlòmíì má lọ gbà á!"

Àga tó sún mọ́ ọn jù ni èyí tó wà lábẹ́ sípíkà. Ó gbé sípíkà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fún Ozella ní àga. Ọ̀lẹ kò jẹ́ kó wá òmíràn. Ó ń ta báàsì rẹ̀ lọ, títí Ozella fi tọjà dé tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà.

"Kí lò ń ṣe lókè yẹn? Àwo mi ń jó ijó nínú kọ́bọ́ọ̀dù!"

Verdell dúró. "Ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

"Ó ń dé eyín mi!"

Ó sáré wá àga mìíràn, ó gbé sípíkà lé e, ó tún ta á. "Ìsinsìnyí ńkọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé o ti kú ni?"

Verdell gbé sípíkà padà sílẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Pákó ni ilẹ̀ ilé rẹ̀, òfìfo sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ikùn rèé.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé ọ̀pá kọ́ èjìká tó yè, ó gun àtẹ̀gùn láìmí gúlegúle. Pákó ni ìtàgé kíláàbù náà, abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹ̀ṣọ́ Kérésìmesì sí. Lucius ti dúró síwájú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, arábìnrin wa gbé igi ìnulẹ̀ wá. Bí ilẹ̀ bá dọ̀tí, ẹ sọ fún un."

Nígbà tí ẹ̀rín ń lọ, Verdell ní kí onílù bá òun gbé sípíkà kíláàbù kúrò lórí àga sílẹ̀.

"Sípíkà kì í jókòó nílẹ̀ níbí!"

"Àga ni mo fẹ́ lò, Lucius. Kóòtù mi ò níbi tí yóò sùn."

Lucius pe orin tó rọra jù lọ, irú èyí tí báàsì tín-ín-rín kò ti ní ríbi sápamọ́ sí. Verdell fa okùn àkọ́kọ́. Ìtàgé mí. Omi inú ife onílù gbọ̀n. Fìlà àtẹ́wọ́ tí Lucius gbé ka etí dùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó rántí pé òun ní ibi tí òun ń lọ, ó sì já bọ́ sílẹ̀. Lucius wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Màmá Bracy dá ẹ̀pà dúró lẹ́nu. Ó wo ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà kan. Ló bá dúró bẹ́ẹ̀, kò bọ́ èkejì.

Verdell ń ta á lọ, ojú rẹ̀ wà lára bàtà kejì. Bàtà kan kì í ṣe ìdájọ́.

"Kí lẹ̀ ń wò?" Màmá Bracy jágbe. "Ẹ bá mi yọ èkejì, ẹ̀yìn ń dùn mí!"

Ariwo sọ. Ìyá arúgbó fi ẹsẹ̀ lásán bọ́ sójú agbo, gbogbo kíláàbù sì dìde tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n sinmi, Lucius gbé fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó ń gbọn eruku rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Verdell, jọ̀wọ́, níbo lo fi igi yẹn pamọ́ sí?"

"Orí rẹ̀ lo dúró lé."

Lucius dé fìlà náà. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn èèyàn, ó ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ilẹ̀ ni àyè sípíkà, ó sì ṣí fìlà. Lọ́tẹ̀ yìí, àtẹ́wọ́ dún lóòótọ́. Verdell ni wọ́n ń wò.