Ìyá Ọkọ Mi Kò Jẹ Èso

Ní ìdílé ọkọ mi, ọkùnrin kì í pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta. Ẹnikẹ́ni kò gégùn-ún fún wọn o. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni. Bàbá ọkọ mi ṣubú sídìí ìkòkò ẹran nígbà tó ku oṣù méjì kí wọ́n pé e. Melchor, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kú sínú ibùsùn àwọ̀n rẹ̀ tòun ti itan adìẹ lọ́wọ́, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tí a sin Melchor, tí gbogbo abúlé jókòó tí wọ́n ń jẹun òkú, mo yíjú wo Gaspar ọkọ mi. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó kún tòsì. Omijé ń ti ojú bọ̀, ọ̀rá ń ti àgbọ̀n bọ̀, àwọn méjèèjì wá pàdé lọ́rùn ẹ̀wù. Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Mo sọ fún ara mi pé, Landy, opó ni ọ́, aṣọ dúdú nìkan ló kù.

Mo wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ìlú Valladolid. Dókítà wo ìwé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní bí òun bá da ẹ̀jẹ̀ yẹn sínú páànù, òun lè fi dín ẹyin. Gaspar rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó máa ri odidi ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ kòtò gbígbóná, kó hú u láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí abúlé wá rà á. Kí o wá ní kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ má fẹnu kan ọ̀rá, bí ẹni ní kí ẹja má fara kan omi ni.

Addy ìbátan mi ló kó mi yọ. Ó ń gbálẹ̀ fún àwọn òyìnbó kan létí ọ̀sà Bacalar, àwọn tí kì í dáná rárá. Èso ni láàárọ̀, èso ni lọ́sàn-án, ewé ni lálẹ́. Wọn kì í jẹ òróró, wọn kì í jẹ iyọ̀, wọn kì í tilẹ̀ jẹ píà, torí ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Addy ní wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìpẹja, wọn kì í sì í kú. Mo bi í bó ṣe mọ̀ pé wọn kì í kú. Ó ní ó di ọdún kejì tí òun ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀, òun ò tíì gbá òkú kankan jáde.

Bí mo ṣe délé, mo da omi sí ààrò. Òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hó ṣìì, wọ́n dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, a ò sè, a ò sun, a ò dín. Ohun tí ọkọ mi ń jẹ ni èmi náà ń jẹ, torí n kò fẹ́ kó sọ pé mo fi òun nìkan sínú igbó. Lọ́jọ́ kẹta, orí fọ́ wa. Lọ́jọ́ kẹrin, inú wa ń ké bí àkèré, a sì ń bá ara wa sáré ìje lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Èmi ni mo máa ń sábà borí. Lọ́jọ́ kẹwàá, Gaspar jókòó ti ìbẹ́pẹ, ó sunkún nítorí iyọ̀. Ó fi iṣẹ́ kòtò ẹran sílẹ̀ fún Bertila aládùúgbò wa, ẹni tó gba ọmọ wa lọ́wọ́ níbi ìrìbọmi, tí mo ń pè ní kómádìre láti ìgbà náà. Àwọn ọkùnrin orí pápá bọ́ọ̀lù kò sì jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ní àwọn ẹlẹ́dẹ̀ abúlé ti ń kí i ní ẹ káàárọ̀ báyìí, wọ́n sì ń béèrè àlàáfíà ìyàwó.

Kí ni n bá sọ? Ara wa bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Eékún mi tó ti ń dún láti ọdún pípẹ́ dákẹ́. Gaspar ń gun igi ọsàn bí ọmọdé. Nígbà tí a padà lọ sí Valladolid lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, dókítà wo ìwé tuntun, ó wo Gaspar, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ pe aláìsàn gan-an wọlé.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé oṣù kọkànlá ọdún náà. Ọjọ́ kìíní oṣù náà ni àwọn òkú ilé wa máa ń wálé jẹun, ọjọ́ kẹjọ la máa ń sìn wọ́n padà. Ọjọ́ kẹjọ yẹn gan-an ni Gaspar máa pé ọdún méjìléláàádọ́ta. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ọkọ mi ré kọjá ibi tí bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Òkú ò ní eyín. Ooru oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ, èéfín tó ń rú lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ tán, alààyè á jókòó jẹ ìyókù, á sì bá a pé kò dùn mọ́, bí ẹni ń jẹ ìwé. Adùn yẹn tó lọ la fi ń mọ̀ pé wọ́n wá. Píìbì ni gbogbo ilé máa ń ṣe fún wọn: ìyẹ̀fun àgbàdo, adìẹ, àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí kò mọ ní ìwọ̀n, tí a wé sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí a rì mọ́lẹ̀ lórí òkúta pípọ́n. Mo mọ ọkọ mi. Bí òórùn yẹn bá ti ilẹ̀ jáde níwájú rẹ̀, oṣù mẹ́jọ á wọmi. Ni mo bá kó ọsàn, gúáfà, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sórí tábìlì òkú, mo tan àbẹ́là, mo pe orúkọ wọn.

Bertila wo tábìlì náà láti ẹnu ọ̀nà, ó mi orí.

"Kómádìre, òkú kì í jẹ ohun tí kò rú èéfín."

Mo ní, "Kí wọ́n ṣe sùúrù lọ́dún yìí. Ọ̀rá ò lè pa wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ó lè pa ọmọ wọn."

Ó ní ìyá ọkọ mi kọ́ lẹni tí èèyàn ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Òótọ́ ló sọ. Nígbà ayé wọn, Eulogia ìyá ọkọ mi kì í béèrè pé ṣé ebi ń pa ọ́. Àwo ni wọ́n máa gbé ka iwájú rẹ, wọ́n á dúró tì ọ́ títí àwo á fi mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a jókòó láti jẹ ìyókù àwọn òkú. Gaspar bó ọsàn kan, ó jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dúró.

"Arúgbó," ló wí. Bí a ṣe ń pe ara wa nìyẹn láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. "Ó dùn."

"Ṣé kò yẹ kó dùn ni?"

"Kò yẹ kó dùn."

Mo tọ́ gúáfà wò. Ó dùn bí oyin. Mo tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kẹta, mo fi ọwọ́ kan òkúta ààrò, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní ológbò ló sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Bertila bá mi lójú ọgbà, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun gbọ́ òórùn àlùbọ́sà tó ń yíra nínú ọ̀rá láti orí òrùlé wa, pé àbí àwọn òyìnbó Addy ti fọwọ́ sí i? Mo wọlé, mo di Gaspar mú. Mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀, mo gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, mo yẹ abẹ́ èékánná rẹ̀ wò. Òun náà di èmi mú, ó ní ìdí mi ti ń padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́, òun sì ti fura tipẹ́. Ìjà ńlá. Láti ìgbà náà a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara wa. Bí ó bá lọ tọ̀, mo dúró tì í. Bí mo bá lọ pọnmi, ó di okùn mú lẹ́yìn mi.

Lọ́jọ́ kẹfà, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, oòrùn mú gan-an, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a di ọwọ́ ara wa méjèèjì mú bí àwọn tó ń gbéyàwó, kí olè má baà rí àyè. Ni a bá gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Ọwọ́ ni, tó ń lu tòòtíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, láàárín àtẹ́lẹwọ́. Pà, pà, pà. Ó dákẹ́. Pà, pà, pà.

Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Mo wo ti Gaspar. Mẹ́rin péré ni.

"Ìyá mi ni," ni Gaspar wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń lù ú kí wọ́n tó yí i."

Mo wọ ilé ìdáná lọ. N kò rí iná, n kò rí èèyàn. Lórí àpótí kékeré tí a fi ń jẹun, àwo ọbẹ̀ dúdú kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ apá tòlótòló, ọ̀rá léfòó lórí rẹ̀ bí ojú. Kò rú èéfín kankan, àmọ́ àwo náà jó mi lọ́wọ́. Àwo kan ṣoṣo, ìjókòó kan ṣoṣo. Mo gbé e dà fún ajá Bertila, ajá tó ti jẹ bàtà rí. Ó rákò padà sẹ́yìn, ó tọ̀ sára.

Lọ́jọ́ keje, àwo mìíràn wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ti rìn. Lọ́sàn-án, ó ti dé abẹ́ igi ọsàn. Ọmọ ìlú wa kankan kò ní í bi ọ́ pé kí nìyẹn túmọ̀ sí: ẹni tó bá jẹ nínú àwo òkú, ibi tí àwo bá ń lọ ni yóò bá a lọ. Mo da á nù, mo tún da á nù. Ṣùgbọ́n mo rí Gaspar tó ń gbé itọ́ mì.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ó ti wẹ̀, ó ti wọ ẹ̀wù funfun, ó jókòó. Àwo náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Arúgbó, ọmọ kì í kọ oúnjẹ ìyá rẹ̀," ló wí.

Mo gbá àwo náà dànù, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo ti rò pé ìyá ọkọ mi wá pa ọkọ mi. Irọ́ ni. Ebi ń pa wọ́n. Èmi tí mo yẹ kí n se fún wọn kò sè, wọ́n wá dìde wọ́n ń se fúnra wọn, obìnrin yẹn kò sì dá jẹun rí láyé rẹ̀.

Mo sáré. Mo yá ọ̀rá lọ́dọ̀ Bertila, mo pa adìẹ méjì, mo fi iná sí kòtò. Òwú pupa la máa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọdé lóṣù yìí kí òkú má baà fà wọ́n lọ. Mo so ó mọ́ ọwọ́ Gaspar, ọkùnrin onírùngbọ̀n, mo so orí kejì rẹ̀ mọ́ ọwọ́ èmi fúnra mi, mo sì ń wọ́ ọ kiri bí màlúù. Mo po ìyẹ̀fun, ó ń tẹ̀lé mi. Mo gé ewé, ó ń tẹ̀lé mi. Bertila ń rẹ́rìn-ín lójú ọgbà, títí tó fi rí i pé òwú náà le tantan, Gaspar sì wà nítòsí mi, kò fà á. Ohun tó ń fà á wà lẹ́yìn rẹ̀. Bertila wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Ní agogo méjìlá ọ̀sán gangan, mo gbé píìbì ka tábìlì, mo gé e sọ́nà mẹ́ta: ti ìyá, ti bàbá, ti Melchor. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ra wa yé. Ẹ jẹ tiyín. Ẹ fi tèmi sílẹ̀."

Èéfín mẹ́ta rú sókè gbọnrangandan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ìgbà tí èèyàn ń fa ọtí lẹ́nu ìgò, wọ́n sì tán. Mo fọwọ́ kan oúnjẹ náà: ó tutù bí òkúta odò. Mo yíjú. Ẹnu Gaspar ń lọ. Ó ń jẹ, kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, ó ń gbé e mì, ojú rẹ̀ yí sókè, gọ̀ngọ̀ ọ̀fun rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀kalẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Òwú já láàárín. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

Mo ti la ẹnu láti ké igbe opó nígbà tó jókòó, tó bi mí pé kí ni òun ń ṣe nílẹ̀.

Ó wà láàyè. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, ọ̀sán gangan, ó wà láàyè. N kò mọ oògùn mìíràn, mo kàn fi ẹ̀là ọsàn kan sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Kí lo fi sí mi lẹ́nu?"

"Ọsàn ni."

"Kì í ṣe ọsàn."

Mo jẹ ìyókù rẹ̀. Dídùn ni, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá mi. Mo fún un ní gúáfà, ó ní bébà ni. Mo bu iyọ̀ sí i láhọ́n, ìkúnwọ́ iyọ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí n bẹ̀rẹ̀.

Ó di ọdún kẹta báyìí. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni Gaspar, dókítà Valladolid sì máa ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá wò ó. Bó bá di Sọ́ńdè, tí Bertila hú ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, tí òórùn gba òpópónà, ọkọ mi á kọjá níwájú kòtò náà bí ẹni ń kọjá lára ògiri. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn, wọ́n fún mi. Ẹnu tí ìyá ọkọ mi dá sí i lórí, wọ́n gbà á padà, wọ́n fi ìyókù ọkùnrin náà sílẹ̀ fún mi.

Èso náà là ń jẹ síbẹ̀. Kò sí ìjẹun kan tí kì í bi mí pé, "Arúgbó, báwo ló ṣe rí?" Mo wá di ahọ́n fún un. Mo máa ń fara balẹ̀ ṣàlàyé: pé ìbẹ́pẹ yìí kọ́kọ́ rọ̀ bí bọ́tà, pé ó wá ń ta díẹ̀ lẹ́yìn, pé adùn rẹ̀ fà dé ìdí etí. Òun á dijú, á máa rọra jẹ. Nígbà mìíràn tí mo bá dé ibi tó dùn jù, mo máa ń gbọ́ tí ẹnìkan ń pọ́n ìka lá lẹ́yìn mi. N kì í bojú wẹ̀yìn. Mo kàn máa ń gbé ohùn sókè díẹ̀, torí etí ìyá ọkọ mi ti ń dí kí wọ́n tó kú.